Àpótí Ìmọ̀: Fífi Ọmọ sí Ilé Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀
Ọmọ ọdún 6 ni ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ní kó wọ kíláàsì kìíní. Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí ọmọ lóde òní. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ òbí kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ a ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àtàrí kọjá. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí òsì, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá kàn án, ó di ọdún tó ń bọ̀. Òṣùwọ̀n yìí kò dọ́gba, nítorí ọmọ tó tètè ga á wọlé ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kúrú.

Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 sọ ọdún 9 di dandan fún gbogbo ọmọ: 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 3 ní girama kékeré. Ó tún ka gbígba owó ilé ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì yẹ kí gbogbo òbí mọ èyí. Ní ilé ìwé aládàáni, owó ni wọ́n ń san. Kí òbí béèrè bóyá ìjọba ìpínlẹ̀ ti fọwọ́ sí ilé ìwé náà.

Bí òbí bá ń yan ilé ìwé, orúkọ ńlá kọ́ ni àkọ́kọ́. Títì tí ọmọ yóò dá kọjá, iye ọmọ inú kíláàsì, omi àti ilé ìyàgbẹ́ ṣe pàtàkì jù ú lọ. Kí òbí lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kó sì wo ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bóyá olùkọ́ ń máàkì í déédéé.