Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN TÍ A Ó RÁN LỌ SÍ ÒKÈ-ÒKUN FÚN ÌGBÀ DÍẸ̀

Kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 13 àti 14.
Àkọ́sórí: Ìṣe 14:27.



Ọ̀rọ̀ ìrìnàjò ìhìnrere sí òkè-òkun ti di ohun tí a ń gbọ́ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjọ ní àkókò yìí. Ẹgbẹ́ akọrin ń fẹ́ lọ, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ń fẹ́ lọ, ẹgbẹ́ àwọn ìyá náà ń dá owó jọ, kí wọ́n lè lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ní ilẹ̀ mìíràn láti wàásù, láti tọ́jú aláìsàn, tàbí láti bá àwọn ará ibẹ̀ kọ́ ilé ìsìn. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n owó ìjọ ni a fi ń lọ, orúkọ Olúwa ni a sì ń gbé lọ. Nítorí náà ó tọ́ kí a jókòó ti Ìwé Mímọ́ kí a tó di ẹrù. Ìbéèrè mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ yìí yóò dáhùn: Ta ni a lè rán? Báwo ni yóò ti ṣe nígbà tí ó bá dé ibẹ̀? Kí ni yóò kù lẹ́yìn rẹ̀? Kí ni yóò sì padà wá sọ fún wa?

1. TA NI A LÈ RÁN?

Ìjọ tí ó wà ní Áńtíókù ti Síríà ni ó rán Bánábà àti Pọ́ọ̀lù. Ìjọ àwọn àlejò àti onílé ni, gẹ́gẹ́ bí tiwa. Bánábà jẹ́ ọmọ Kípírù, Pọ́ọ̀lù jẹ́ ọmọ Tásù, ẹnìkan nínú àwọn olùkọ́ wọn sì wá láti Kírénè ní ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ń gba ààwẹ̀, wọ́n ń sin Olúwa, nígbà tí Ẹ̀mí Mímọ́ yan àwọn méjì yìí.

Ẹ kíyè sí irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Wọn kì í ṣe ẹni tí ó jókòó lásán tí ó ń wá ọ̀nà àtirìnàjò. Nínú Ìṣe 11:26 a rí i pé wọ́n ti kọ́ ìjọ náà ní ẹ̀kọ́ fún odidi ọdún kan. Ní ìparí orí kan náà, nígbà tí ìyàn mú, ọwọ́ wọn ni ìjọ fi owó ìrànlọ́wọ́ rán sí àwọn ará ní Jùdíà. Wọ́n jẹ́ iṣẹ́ náà, wọ́n sì padà (12:25). A ti fi iṣẹ́ dán wọn wò, a ti fi owó dán wọn wò, kí a tó gbé ọwọ́ lé wọn.

Òṣùwọ̀n tí ó yẹ kí a lò nìyí. Ẹni tí kì í bẹ aláìsàn wò ní ìlú yìí, òkun kò ní sọ ọ́ di olùtọ́jú aláìsàn. Ẹni tí kò ṣe olóòótọ́ sí igbá ọrẹ nílé, kò yẹ kí a fi àpò ìrìnàjò lé e lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà níhìn-ín tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀, ẹni tí ó bá ń lọ gbọ́dọ̀ gba físà, àwọn tí ń fúnni ní físà a sì máa béèrè ìwé láti ọ̀dọ̀ ìjọ. Ìwé náà yóò sọ pé ọmọ ìjọ wa ni, pé iṣẹ́ Olúwa ni ó ń lọ ṣe, pé yóò sì padà ní ọjọ́ báyìí. Akọ̀wé ìjọ ni yóò kọ ọ́, àlùfáà yóò sì fi ọwọ́ sí i. Ẹ̀rí ni ìwé náà. Bí ẹni tí a kọ ọ́ fún bá ti pinnu nínú ọkàn rẹ̀ pé òun yóò sá pamọ́ síbẹ̀ láti wá iṣẹ́, ẹ̀rí èké ni ó fi ọwọ́ ìjọ jẹ́, òfin kẹsàn-án sì ti sọ̀rọ̀ lórí èyí. Kì í ṣe òun nìkan ni yóò jìyà rẹ̀. Àwọn ará tí ó gbà á sílé yóò di ẹni ìfura, ẹgbẹ́ tí ó sì fẹ́ lọ lẹ́yìn rẹ̀ lè bá ilẹ̀kùn ní títì.

A kò sọ pé kí ènìyàn má lọ wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn baba wa bá ojú irin wá sí Òkè Ọya yìí láti wá oúnjẹ òòjọ́, Ọlọ́run sì bù kún wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìwàásù ni àwọn wá ṣe. Wọ́n ní òwò ni, òwò náà ni wọ́n sì ṣe, wọ́n sì fi èrè rẹ̀ kọ́ ilé Ọlọ́run. Kí ẹni tí ń lọ fún òwò sọ pé òwò ni.

2. BÁWO NI YÓÒ TI ṢE NÍBẸ̀?

Ní Lístírà, Pọ́ọ̀lù mú arọ kan láradá. Àwọn ará ìlú kígbe ní èdè Líkáóníà pé àwọn òrìṣà ti di ènìyàn. Wọ́n pe Bánábà ní Júpítérì, wọ́n pe Pọ́ọ̀lù ní Mẹ́kúrì, àwòrò sì fa màlúù wá láti rúbọ sí wọn. Ìgbà náà ni àwọn àpọ́sítélì fa aṣọ wọn ya, tí wọ́n sì ń sọ pé ènìyàn bí tiwọn ni àwọn jẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí a fi yí ọkàn àwọn ará ìlú náà padà, tí a sọ Pọ́ọ̀lù ní òkúta, tí a sì wọ́ ọ jáde ní ìlú bí òkú.

Ẹ rí i pé ewu ìyìn ni ó kọ́kọ́ dé, kí ewu òkúta tó dé. Ẹni tí ó bá ti òkèèrè wá pẹ̀lú àpótí ẹrù, oògùn àti aṣọ tuntun, àwọn ènìyàn a máa fẹ́ sọ ọ́ di ohun tí kì í ṣe. Bí ó bá béèrè pé ta ni ó fẹ́ gba Jésù, gbogbo ọwọ́ ni yóò gòkè, nítorí pé wọn kò fẹ́ dójú ti àlejò. Kí ó má ṣe ka àwọn ọwọ́ wọ̀nyí kí ó sì kọ wọ́n ránṣẹ́ sílé bí ìkórè. Kí ó wá ògbufọ̀ láti inú ìjọ ibẹ̀, kí ó kọ́ ìkíni wọn, kí ó sì gbọ́ ju bí ó ti ń sọ lọ. Àwa tí a ń gbé láàrin àwọn Hausa mọ̀ pé ẹni tí kò gbọ́ èdè ọjà ni ọjà ń wọ́n fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún oníwàásù.

Kí ó sì rántí pé àlejò ni òun. Àwọn àgbà wa ní ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Ìjọ kékeré kan lè pa adìyẹ rẹ̀ tán, kí ó sì yá owó nítorí ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó sùn sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí a san owó oúnjẹ àti ibùsùn wa ṣáájú, kí a sì fi ọ̀wọ̀ ṣe é. Áńtíókù rán ènìyàn méjì, Jòhánù Máàkù sì bá wọn lọ bí ìránṣẹ́. Bí owó ọkọ̀ ènìyàn mẹ́wàá bá tó láti bọ́ olùkọ́ kan ní ilẹ̀ náà fún ìgbà pípẹ́, ẹ jẹ́ kí a rán ẹni méjì, kí a sì fi ìyókù bọ́ olùkọ́ náà.

3. KÍ NI YÓÒ KÙ LẸ́YÌN RẸ̀?

Àwa ọmọ Yorùbá ní ìdí láti mọ èyí, nítorí pé ìrìnàjò ìgbà kúkúrú ni ó kọ́kọ́ mú ìhìnrere dé ilé wa. Àwọn ènìyàn wa tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú ní Sàró bẹ̀rẹ̀ sí wọ ọkọ̀ òkun padà sílé ní nǹkan bí 1839. Àwọn ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí a rán olùkọ́ sí àwọn. Ní September 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì láti Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà nísinsìnyí. Ó lọ sí Abẹ́òkúta ní December, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí ó padà dé Àgbádárìgì, ó bá Henry Townsend ti C.M.S. níbẹ̀, ẹni tí ó ti Sàró wá. Wọ́n jọ ṣe Kérésìmesì ọdún náà. Ní January 1843, Townsend náà lọ sí Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ gbà á, kò sì pẹ́ tí ó fi padà sí Sàró.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, àlá ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n Freeman fi William de Graft sílẹ̀ ní Àgbádárìgì kí òun tó padà. Townsend pẹ̀lú lọ sí England, a fi jẹ oyè àlùfáà ní 1844, ó sì padà dé Àgbádárìgì ní 1845 pẹ̀lú Samuel Àjàyí Crowther àti Gollmer. Ṣódẹkẹ́ ti kú, ogun sì dí ọ̀nà, ṣùgbọ́n wọ́n dúró. Ní 1846 wọ́n wọ Abẹ́òkúta. Ní August ọdún náà ni Crowther rí ìyá rẹ̀, tí ogun ti yà wọ́n fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìyá náà sì ṣe ìrìbọmi ní 1848.

Ohun mẹ́ta ni a rí kọ́. Àwọn onílé ni wọ́n pè wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ wá wo ilẹ̀, wọ́n sì bá alágbára ìlú sọ̀rọ̀. Wọ́n fi ènìyàn sílẹ̀ tàbí wọ́n padà wá. Ìrìnàjò tí ó ní mẹ́ta yìí, bí ó tilẹ̀ kúrú, irúgbìn ni. Èyí tí kò ní wọn, ìrìn afẹ́ ni, a kàn fi orin ẹ̀mí sí i ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àpọ́sítélì ṣe. Láti Dérbè, ọ̀nà ilẹ̀ wà tí ó lọ sí Tásù, ìlú Pọ́ọ̀lù. Ì bá rọrùn fún un láti gba ibẹ̀ lọ sílé. Dípò èyí, wọ́n yí padà gba Lístírà, níbi tí a ti sọ ọ́ ní òkúta, wọ́n mú ọkàn àwọn ọmọ-ẹ̀yìn le, wọ́n sì yan àwọn àgbà sípò nínú ìjọ gbogbo. Ní Lístírà yìí kan náà ni Pọ́ọ̀lù ti rí Tímótì lẹ́yìn náà (16:1).

4. KÍ NI YÓÒ PADÀ WÁ SỌ?

Nígbà tí wọ́n dé Áńtíókù, wọ́n pe ìjọ jọ, wọ́n sì ròyìn ohun tí Ọlọ́run ṣe. Kì í ṣe àwọn àgbà nìkan ni wọ́n bá sọ ọ́ ní yàrá. Lúùkù tí ó kọ ìtàn náà kò sì fi pamọ́ pé Máàkù yà kúrò lọ́dọ̀ wọn ní Pẹ́gà. Ìròyìn tí ó ń sọ ayọ̀ nìkan, ìpolówó ni. Kí àwọn tí a bá rán padà wá sọ ohun tí ó yọrí àti ohun tí kò yọrí, kí wọ́n sì ka ìṣirò owó síwájú ìjọ: owó ọkọ̀, owó oúnjẹ, ẹ̀bùn, àti èyí tí ó kù.

Fún àwọn tí ń lọ sí ilẹ̀ tí ó wà nínú ẹgbẹ́ ECOWAS, àdéhùn 1979 fún ọmọ Nàìjíríà ní àyè láti wọlé láìsí físà fún 90 ọjọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà tí ó péye àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi owó ẹ̀yìn dípò ìwé wọ̀nyí ní bodè, nítorí pé ibẹ̀ ni ìwàásù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìparí, ẹ wo Ìṣe 1:8. Jerúsálẹ́mù, Jùdíà àti Samáríà ṣáájú òpin ilẹ̀ ayé. Ní Òkè Ọya yìí, Samáríà wa wà ní ẹnu-ọ̀nà wa: ẹni tí ń pọn omi fún wa, ẹni tí ń ṣọ́ ọgbà wa, aládùúgbò tí ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. A kò sọ pé kí a bá wọn jà. Ṣé a mọ orúkọ wọn? Ṣé a bẹ̀ wọ́n wò nígbà tí ọmọ wọn ṣàìsàn? Kí a ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí a sì kọjá sí òkè-òkun.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Iṣẹ́ wo ni Bánábà àti Pọ́ọ̀lù ti ṣe kí a tó rán wọn?
2. Kí ni ó burú nínú kí ìjọ kọ ìwé fún ẹni tí kò ní padà?
3. Kí ni ohun mẹ́ta tí a rí kọ́ lára Freeman àti Townsend?
4. Bí a bá rán ẹgbẹ́ kan lọ, ta ni yóò máa bá àwọn ará ibẹ̀ kọ ìwé lẹ́yìn ọdún kan?

Kí Olúwa ìkórè fi òótọ́ sí àárín àwọn tí ń lọ àti àwọn tí ń rán wọn. Àmín.