Ojú Ta Ni A Fi Ń Wò Ó? Obìnrin àti Ọ̀ràn Ọkàn Nínú Àwọn Fíìmù Agbọ́kànsókè Láti 1940 sí 1964

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò ọ̀nà tí àwọn fíìmù agbọ́kànsókè tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láàrin ọdún 1940 sí 1964 gbà gbé obìnrin àti ọ̀ràn ọkàn rẹ̀ kalẹ̀. Fíìmù mẹ́rin ni a gbájú mọ́ jù lọ: Gaslight (1944), Suspicion (1941), Vertigo (1958) àti Marnie (1964). Tíọ́rì ìṣègbèfábo ni a fi ṣe òpómúléró ìtúpalẹ̀ wa. Ohun tí a rí ni pé ìbéèrè kan náà ni ó ń jẹyọ nínú gbogbo wọn: ǹjẹ́ orí obìnrin yìí pé? Èrò wa ni pé kì í ṣe ìdáhùn ìbéèrè yìí ni ó ṣe kókó, bí kò ṣe ẹni tí fíìmù fún ní àṣẹ láti dáhùn rẹ̀. A sì fi ọ̀nà tí olùkọ́ lè gbà lo àwọn ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì kádìí iṣẹ́ wa.

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Òwe yìí bá ìlànà fíìmù agbọ́kànsókè mu rẹ́gí. Irú fíìmù yìí yàtọ̀ sí ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, iṣẹ́ ibi ti ṣẹlẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí ó ṣe é. Nínú fíìmù agbọ́kànsókè, ibi náà ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Àwa òǹwòran ń rí i, a kò sì lè kìlọ̀ fún ẹni tí ó ń bọ̀ wá bá. Alfred Hitchcock (1899–1980), olùdarí fíìmù tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1939, máa ń fi àpẹẹrẹ àdó olóró ṣàlàyé rẹ̀. Bí àdó bá ṣàdédé bú gbàù lábẹ́ tábìlì, ẹ̀rù yóò ba òǹwòran fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òǹwòran bá ti rí i nígbà tí wọ́n ń gbé e síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí àwọn tí ó jókòó sídìí tábìlì náà bá ń tàkùrọ̀sọ.

Inú ilé tọkọtaya ni àdó olóró yìí sábà máa ń wà nínú àwọn fíìmù tí a yàn, obìnrin ni ó sì sábà máa ń kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Àkókò tí wọ́n ṣe wọ́n kó ipa nínú èyí. Ní àwọn ọdún 1940, ìmọ̀ Sigmund Freud nípa àlá, ìrántí ìgbà èwe àti ohun tí ẹ̀dá ń bò mọ́ra ti tàn ká láàrin àwọn òṣèré àti olóòtú fíìmù ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí Hitchcock ṣe Spellbound ní 1945, oníṣègùn ọkàn gidi kan, May Romm, ni wọ́n fi ṣe olùdámọ̀ràn, wọ́n sì gbé iṣẹ́ yíya àwòrán àlá inú rẹ̀ fún gbajúgbajà ayàwòrán nì, Salvador Dalí.

Tíọ́rì Tí A Lò

Tíọ́rì ìṣègbèfábo ní ẹ̀ka púpọ̀. Èyí tí ó kan iṣẹ́ wa ni ẹ̀ka tí ó dá lórí ìwòran. Ní 1975, Laura Mulvey, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú jọ́nà Screen. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé nínú fíìmù Hollywood, ọkùnrin ni ó ń wò, obìnrin ni wọ́n ń wò. Ojú kámẹ́rà, ojú ọkùnrin inú ìtàn àti ojú òǹwòran máa ń di ojú kan ṣoṣo. Ní 1988, Tania Modleski fi ìwé kan lórí Hitchcock fèsì pé ọ̀rọ̀ náà kò rí pọ́nbélé bẹ́ẹ̀. Ní tirẹ̀, bí fíìmù Hitchcock ṣe ń fìyà jẹ obìnrin náà ni ó ń jẹ́ kí á rí ayé láti ọ̀dọ̀ obìnrin. Àárín èrò méjèèjì yìí ni a dúró sí. Ohun tí a ń wá nínú fíìmù kọ̀ọ̀kan ni ẹni tí ó ni ojú tí a fi ń wòran.

Gaslight: Ojú Tí Ó Rí Òótọ́

Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Suspicion ni ó ṣáájú, a ó fi Gaslight bẹ̀rẹ̀ nítorí pé òun ni ó ṣe kedere jù lọ. Láti inú eré onítàn tí Patrick Hamilton kọ ní 1938 ni wọ́n ti mú un. Thorold Dickinson kọ́kọ́ sọ ọ́ di fíìmù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1940. George Cukor darí èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà ní 1944. Ingrid Bergman, tí ó ṣe Paula, gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar fún un.

Paula àti ọkọ rẹ̀, Gregory, kó lọ sínú ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé tí wọ́n ti pa àǹtí Paula, olórin olókìkí. Paula kò mọ̀ pé Gregory gan-an ni apànìyàn náà, àti pé ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye tí kò rí kó lọ́jọ́ kìíní ni ó tìtorí rẹ̀ fẹ́ òun. Gregory á fún un ní ẹ̀bùn, á jí i padà, á sì bá a wí pé ó ti sọ ọ́ nù. Á yọ àwòrán kúrò lára ògiri, á ní Paula ni ó yọ ọ́. Ní alaalẹ́, á díbọ́n bí ẹni tí ó jáde, á sì gba ilé kejì gun òkè àjà lọ wá ìṣúra náà. Bí ó bá ti tan iná gáàsì lókè, iná tó wà ní yàrá Paula nísàlẹ̀ á di bàìbàì. Paula ń rí i pé iná ń rọ̀, ó sì ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí àjà. Wọ́n ní kò sí ohun tí ó jọ ọ́. Iyè rẹ̀ ni ó ń ra.

Ohun méjì ni ó yẹ kí á ṣàkíyèsí. Àkọ́kọ́, ojú Paula kò tàn án jẹ rárá. Iná rọ̀ lóòótọ́. Orúkọ wèrè tí wọ́n fún un kì í ṣe orúkọ àìsàn, irinṣẹ́ olè ni. Èkejì, ẹlẹ́rìí ni ó wo Paula sàn, kì í ṣe oògùn. Nígbà tí Brian Cameron, òṣìṣẹ́ agbófinró, jókòó sí yàrá náà tí òun náà rí i pé iná ń rọ̀, ọkàn Paula bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sípò. Ní ìparí, wọ́n de Gregory mọ́ àga, ó sì ń bẹ Paula kí ó fi ọ̀bẹ gé okùn. Paula fi ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn: wèrè ni òun, báwo ni wèrè ṣe lè ran ènìyàn lọ́wọ́? Àlébù kan kù síbẹ̀. Ẹ̀rí Paula kò fìdí múlẹ̀ títí ọkùnrin mìíràn fi fọwọ́ sí i. Òwe wa ní bí ọkùnrin bá rí ejò tí obìnrin sì pa á, kí ejò ṣáà ti kú. Nínú fíìmù yìí, obìnrin ni ó rí ejò, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́jọ́. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì lónìí, gaslighting ni wọ́n ń pe irú ìwà tí Gregory hù. Ní 1922 ẹnikẹ́ni kò mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2022 ni ilé iṣẹ́ ìwé atúmọ̀ èdè Merriam-Webster yàn án ní ọ̀rọ̀ ọdún náà.

Suspicion: Nígbà Tí Fíìmù Fúnra Rẹ̀ Yíhùn Padà

Nínú Suspicion, Lina (Joan Fontaine), ọmọ olówó tí ó fẹ́ràn ìwé, fẹ́ Johnnie (Cary Grant), aláfẹ́ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ìwà ọkọ ń hàn díẹ̀díẹ̀. Ó ta àga tí bàbá Lina fi ta wọ́n lọ́rẹ, ó ná owó ọ̀gá rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú ní ọ̀nà tí kò yéni, ó sì ń wádìí nípa májèlé tí a kì í rí àmì rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Johnnie gbé ife wàrà gun àtẹ̀gùn lọ bá Lina. Hitchcock fi iná kékeré sínú wàrà náà kí ojú òǹwòran má bàa kúrò lára rẹ̀. Ojú Lina ni àwa náà fi ń wò ó, ẹ̀rù rẹ̀ sì di tiwa.

Nínú ìwé ìtàn àròsọ tí wọ́n ti mú fíìmù yìí, èyí tí Francis Iles kọ ní 1932, ọkọ náà ń pa ìyàwó rẹ̀ lóòótọ́. Ní ti fíìmù, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó kù kí ó parí tí Johnnie fi ṣàlàyé pé ara òun ni òun fẹ́ pa, tí Lina sì ń tọrọ àforíjì. Hitchcock sọ fún François Truffaut lẹ́yìn náà pé ìparí mìíràn ni òun ní lọ́kàn. Èyíkéyìí tí ó wù kí ó jẹ́, ohun tí a rí lójú fíìmù ni a ó fi ṣèdájọ́. Gbogbo ẹ̀rí tí Lina rí ni àwa náà rí, síbẹ̀ wọ́n ní kí á kà á sí àròsọ obìnrin. Èrò tiwa ni pé ohun tí Gregory ṣe fún Paula ni fíìmù yìí ṣe fún Lina, tí ó sì ṣe fún òǹwòran pẹ̀lú. Lóòótọ́, obìnrin méjì, Joan Harrison àti Alma Reville tí í ṣe ìyàwó Hitchcock, wà lára àwọn tí ó kọ eré náà. Èyí kọ́ wa pé wíwà obìnrin nídìí iṣẹ́ nìkan kò tó láti yí ìdájọ́ ìtàn padà.

Vertigo: Obìnrin Tí Wọ́n Mọ

Láàrin 1941 sí 1958, ìyípadà kan dé. Nínú Vertigo, a kò jókòó ti obìnrin mọ́. Inú ọkọ̀ Scottie (James Stewart) ni a wà, tí a ń tọ obìnrin lẹ́yìn ní ìgboro San Francisco. Wọ́n sọ fún Scottie pé ẹ̀mí Carlotta, obìnrin ayé àtijọ́ tí ó ya wèrè, ni ó ń yọ Madeleine (Kim Novak) lẹ́nu. Irọ́ ni. Judy ni ẹni tí ó ń tẹ̀ lé, òṣìṣẹ́ ilé ìtajà tí wọ́n fi owó bẹ̀ kí ó ṣe bí ìyàwó olówó kan, kí ọkọ náà lè pa ìyàwó gidi. Nígbà tí Scottie tún bá Judy pàdé, ó yan aṣọ fún un, ó pa irun rẹ̀ láró, títí ó fi di òkú tí ó ń ṣọ̀fọ̀.

Bí a bá ní ta ni ara rẹ̀ kò dá nínú ìtàn yìí, Scottie ni. Ṣùgbọ́n orí obìnrin ni ọ̀rọ̀ wèrè ń bà lé. Ìtàn Carlotta gan-an fi ìdí rẹ̀ hàn. Olówó kan gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lé e dànù. Ìyẹn ni ó dà á lórí rú. Ìgbà kan péré ni kámẹ́rà jókòó ti Judy, nígbà tí ó kọ lẹ́tà ìjẹ́wọ́ tí ó sì fà á ya. Láti ìṣẹ́jú yẹn, àwa mọ òótọ́ tí Scottie kò mọ̀, ojú wa sì kúrò lára tirẹ̀. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ Modleski ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju ti Mulvey lọ.

Marnie: Ìwòsàn Tí Ó Fi Ipá Wọlé

Marnie (Tippi Hedren) ń jalè níbi iṣẹ́, àwọ̀ pupa àti ààrá ń dẹ́rù bà á, kò sì fẹ́ kí ọkùnrin fọwọ́ kan òun. Mark (Sean Connery) mú un, ó fi àṣírí rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn títí ó fi fẹ́ ẹ, ó sì fipá bá a lò pọ̀ nínú ìrìn-àjò ìgbéyàwó wọn. Lẹ́yìn náà ni ó kó ìwé ìmọ̀ ọkàn jọ tí ó ń kà láti wò ó sàn. Ní ìparí, ó mú un lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Baltimore, níbi tí Marnie ti rántí pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun pa atukọ̀ kan láti gba ìyá òun sílẹ̀.

Evan Hunter, tí ó kọ́kọ́ ń kọ eré náà, kò fara mọ́ ìran ìfipábánilòpọ̀ náà. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Jay Presson Allen sì parí rẹ̀. Ìbéèrè Hunter ṣì wà nílẹ̀: báwo ni ẹni tí ó dá ọgbẹ́ ṣe tún jẹ́ oníṣègùn? Fíìmù náà fi ìrántí ìgbà èwe ṣàlàyé gbogbo ìrora Marnie, kò sì bi Mark léèrè nǹkan kan. Àgbà kò purọ́ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ìwúlò Rẹ̀ Fún Olùkọ́

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń wo fíìmù kí wọ́n tó mọ̀ bí a ṣe ń tú u palẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni a dábàá pé kí olùkọ́ fi síwájú wọn. Ojú ta ni a fi ń wo ìran yìí? Ta ni ó sọ pé orí obìnrin yìí kò pé, èrè wo ni ó sì wà níbẹ̀ fún un? Ẹ̀rí wo ni àwa fúnra wa ti rí kí ìdájọ́ tó dé? Fún iṣẹ́ ṣíṣe, kí olùkọ́ fi ìran ife wàrà inú Suspicion hàn láìsí ohùn. Kí ìdajì kíláàsì kọ àròkọ kúkúrú lójú ìwòye Lina, kí ìdajì yòókù kọ ọ́ lójú ìwòye Johnnie. Nígbà tí wọ́n bá ka méjèèjì síta, ọ̀rọ̀ ojú ìwòye yóò yé wọn ju àlàyé lọ. A lè lo àwọn ìbéèrè kan náà fún fíìmù àgbéléwò Yorùbá àti ìtàn àròsọ tí ó wà nínú ìlànà ẹ̀kọ́ wa.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé Paula rí òótọ́, a sì gbà á gbọ́. Lina rí ohun tí àwa náà rí, wọ́n sì ní kí ó tọrọ àforíjì. Judy mọ òótọ́, ó sì fà á ya. Ní ti Marnie, ẹlòmíràn ni ó ń sọ ìtàn ọkàn rẹ̀ fún un. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fíìmù nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń kọ́ lónìí ni yóò jókòó lọ́la sí ọ́fíìsì olùkọ́ tí ọmọbìnrin kan yóò wọlé tọ̀ wá, tí yóò ní iná ilé àwọn ń rọ̀ ní alaalẹ́. Bí a bá ti kọ́ ọ láti kọ́kọ́ béèrè ohun tí ọmọ náà rí, kí ó tó béèrè bóyá orí rẹ̀ pé, ẹ̀kọ́ náà ti wúlò.