Ẹ̀rù Ń Ba Oníbàárà Yín Àkọ́kọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà ní Ahoyéyé, ní Pobè àti ní Sakété, tí ẹ ń wá ẹni tí yóò gbéṣẹ́ fún yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba ẹni náà. Ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ̀rù ń bà. Ẹ ń rò pé bóyá Faransé yín kò dán tó, bóyá kọ̀ǹpútà yín ti gbó jù, bóyá ẹnì kan wà ní Cotonou tàbí ní Èkó tó mọ̀ ọ́n ṣe jù yín lọ. Oníbàárà kò tilẹ̀ rò ó débẹ̀. Ohun tó ń rò ni pé: bí mo bá gbé iṣẹ́ yìí fún ẹni tí n kò rí rí, ṣé yóò dá a padà lọ́jọ́ tó dá? Ṣé òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe é? Bó bá bà á jẹ́, ta ni n óò mú?

Bó bá sì rí i pé Benin ni ẹ ti ń kọ̀wé, ẹ̀rù yẹn tún ń pọ̀ sí i. Àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí à ń pè ní gaïman ti ba orúkọ wa jẹ́ lójú àwọn ará Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù. Lóòótọ́, a ti ní òfin lórí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì láti 2018, ilé ẹjọ́ CRIET sì ń rán wọn lọ sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sí Lyon kò ka ìwé òfin wa. Orúkọ ìlú nìkan ló rí. Ẹ má torí ìyẹn bínú sí i, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í búra fún un pé ọmọlúàbí ni yín. Gaïman náà ń búra. Ohun tí yóò mú ẹ̀rù kúrò lára rẹ̀ ni ohun tó lè fojú ara rẹ̀ wò, tó sì lè yẹ̀ wò láìbi ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìmọ̀ràn mi kò ju ìyẹn lọ.

Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mo ń ṣe, òun náà ni n óò sì fi ṣàpẹẹrẹ. Ẹni tó ń gé fídíò tàbí tó ń ya àmì ilé iṣẹ́ nínú yín yóò rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan òun.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ ní tí ẹlòmíì kò ní. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò lórí ààlà tó la ilẹ̀ wa sí méjì. Sakété, Pobè àti Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìlaròó àti Mẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. A mọ ohun tí ààlà yẹn fi ojú wa rí. Àwọn ìyá yín tó ń ná ọjà Ìgòlò kò lè gbàgbé oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020, tí Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ pa. Àmọ́ ààlà kan náà ló fún yín ní Faransé nílé ìwé nígbà tí Yorùbá wà nílé, tí Gẹ̀ẹ́sì sì ń bá ọjà Nàìjíríà wọlé. Ẹni tó lè túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá pọ̀ rẹpẹtẹ ní Ìbàdàn. Ẹni tó lè gbé ìwé Faransé kalẹ̀, kó sì sọ ọ́ di Yorùbá tí ìyá àgbà yóò gbọ́, kò wọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Mo máa ń rí ọ̀dọ́ tó kọ ọ́ sójú ìwé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé òun ń túmọ̀ gbogbo èdè, òun ń ya àwòrán, òun ń tẹ ìwé, òun tún ń bá ilé iṣẹ́ bójú tó Facebook wọn. Ó rò pé òun ń ṣí ilẹ̀kùn púpọ̀. Oníbàárà tó kà á kò mọ èyí tó lè fọkàn tán an lé nínú gbogbo rẹ̀, yóò sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó ní ohun kan ṣoṣo lòun ń ṣe.

Ẹ ó ní: kí la fẹ́ fi hàn nígbà tí a kò tíì ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni? Iṣẹ́ wà tí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ oníbàárà. Wikipedia ti Yorùbá wà, gbogbo ohun tí ẹ bá sì kọ síbẹ̀ ni orúkọ tí ẹ fi wọlé àti ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́ máa ń wà lára rẹ̀ fún aráyé láti rí. Ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tó wà ní Pobè ti wà níbẹ̀ láti 1922. Ẹ lè kọ nípa rẹ̀ ní Yorùbá tó mọ́, kí ẹ tọ́ka sí ibi tí ẹ ti rí ọ̀rọ̀ náà. Translators without Borders, tó ti wà lábẹ́ CLEAR Global láti 2021, máa ń gba àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni láti túmọ̀ ìwé ìlera àti ti ìrànwọ́ ìlú. Owó kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíì tó mọṣẹ́ yóò yẹ iṣẹ́ yín wò, ẹ ó sì kọ́ bí a ṣe ń gba àtúnṣe láìfajúro. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú ìwé kékeré kan tí ìjọba ti fi síta fún gbogbo ènìyàn, ẹ túmọ̀ rẹ̀, ẹ to Faransé sápá òsì, ẹ to Yorùbá sápá ọ̀tún, kí ó jẹ́ ojú ìwé kan péré. Ojú ìwé kan tí kò ní àṣìṣe níye lórí ju ogún lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí a pẹ́ sí ni lẹ́tà. Ká ní ilé iṣẹ́ kan ní Paris kéde pé àwọn ń wá ẹni tí yóò túmọ̀ ìwé ìléwọ́ kan fún àwọn aláboyún, láti Faransé sí Yorùbá. Lẹ́tà tí mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀: ìkíni, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n gbà, bí nǹkan ṣe le, bí àǹfààní yìí yóò ṣe yí ayé wọn padà, àti pé àwọn lè ṣe é kíákíá lówó pọ́ọ́kú. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ nípa aláboyún. Ẹni tó gbà á mọ̀ pé lẹ́tà kan náà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ogójì èèyàn.

Ẹ gbìyànjú báyìí. Gbólóhùn àkọ́kọ́, ẹ dárúkọ ìwé náà, kí ẹ sì sọ ohun kan nínú rẹ̀ tó fi hàn pé ẹ ti kà á. Gbólóhùn kejì, ẹ bi í ní ìbéèrè tí ẹni tó mọṣẹ́ nìkan lè bi: ṣé Yorùbá ti ìhà Benin ni àwọn aláboyún yìí ń kà ni àbí ti Nàìjíríà? Nítorí níhìn-ín, ɛ àti ɔ ni wọ́n fi ń kọ́ni ní kíkà, ní Nàìjíríà ẹ àti ọ ni wọn ń lò, bí wọ́n bá sì ti tẹ ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà jáde kí wọ́n tó mọ̀, owó ti ṣòfò. Mo sọ fún yín, ìbéèrè yìí nìkan ti tó láti yà yín sọ́tọ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún èèyàn, torí pé oníbàárà fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ewu náà wà. Lẹ́yìn náà, ẹ túmọ̀ ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ìwé náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà. Ẹni tó fẹ́ ra gàárì á bu díẹ̀ sẹ́nu kó tó sọ̀rọ̀ owó. Oníbàárà yín náà, ẹ jẹ́ kó tọ́ ọ wò. Kí ẹ wá sọ ọjọ́ àti wákàtí tí iṣẹ́ yóò dé ọwọ́ rẹ̀, ní aago tirẹ̀. Láti ìparí oṣù kẹwàá títí dé ìparí oṣù kẹta, aago wa àti ti Paris dọ́gba. Ní ìyókù ọdún, wọ́n fi wákàtí kan ṣíwájú wa. Ẹ sọ iye owó lápapọ̀, kí ẹ sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú orúkọ yín ní kíkún.

Nọ́ńbà fóònù ńkọ́? Láti ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá 2024 ni nọ́ńbà ilẹ̀ wa ti di oní-mẹ́wàá, tí 01 ti ń ṣíwájú. Mo ṣì ń rí ojú ìwé àwọn ọ̀dọ́ tó gbé nọ́ńbà oní-mẹ́jọ síbẹ̀. Oníbàárà pè é, kò wọlé, ó ti gbà pé gaïman ni. Ẹ lọ yẹ ti yín wò kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà kò kéré. Ọmọ ìyá méjì lè wà, káàdì ọ̀kan kà Adechina, ti èkejì kà Adéchinan. Orúkọ tó wà lórí ojú ìwé yín gbọ́dọ̀ bá ti káàdì ìdánimọ̀ mu lẹ́tà dé lẹ́tà, kó sì bá ti báǹkì àti ti MoMo mu. Bí kò bá bá a mu, iṣẹ́ lè parí kí owó há sọ́nà. Ẹ má sì yá ojú ìwé ẹlòmíì lò, bó ti wù kí ìràwọ̀ pọ̀ lára rẹ̀ tó. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ gbójú sókè kí wọ́n yà yín, ó parí.

Níbo ni ẹ ó ti rí oníbàárà? Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tó ti mọ̀ yín. Oníbàárà àkọ́kọ́ kì í sábà jẹ́ àjèjì pátápátá. Olùkọ́ yín àtijọ́ wà ní Porto-Novo, ẹ̀gbọ́n yín wà ní Libreville, àǹtí yín ń bá ẹgbẹ́ kan ṣiṣẹ́ ní Cotonou. Ẹ má sọ fún wọn pé “ẹ bá mi wáṣẹ́”, ìyẹn máa ń wúwo létí. Ẹ bi wọ́n pé: “Ẹ jọ̀wọ́, ta lẹ mọ̀ tó ní ìwé Faransé tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbọ́ Yorùbá?” Wọn yóò rántí ẹnì kan. Ẹni yẹn yóò gba lẹ́tà yín pẹ̀lú ẹ̀rù tó ti dín kù, nítorí pé ẹni tó mọ̀ ló dárúkọ yín.

Lẹ́yìn wọn ni kí ẹ tó lọ sórí àwọn ibi ìpàdé ńlá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. ProZ ti wà fún àwọn atúmọ̀ láti 1999. Upwork àti Fiverr wà fún iṣẹ́ oríṣiríṣi. Ẹ ka òfin wọn dáadáa. Fiverr ń mú 20 nínú 100 dọ́là yòówù tí ẹ bá pa. Wọ́n tún kórìíra kí ẹ gba nọ́ńbà oníbàárà lọ sórí WhatsApp kí ẹ lè sá fún owó wọn. Ojú ìwé tí ẹ fi oṣù mẹ́fà kọ́ lè ti pa lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

Ẹ ṣírò owó yín dáadáa kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni à ń kà nínú iṣẹ́ ìtumọ̀. Ká ní ìwé náà jẹ́ ọ̀rọ̀ 1,500, tí ẹ sì pe ọ̀rọ̀ kan ní sẹ́ńtì mẹ́rin Yúrò, ọgọ́ta Yúrò nìyẹn. Yúrò kan jẹ́ 655.957 CFA, kì í yí padà, nítorí náà ó lé ní 39,000 CFA. Bí ibi ìpàdé bá mú ìdá márùn-ún rẹ̀, ó kù bíi 31,500, kí ẹ tó yọ owó ìfiránṣẹ́, mẹ́gà, àti iná SBEE. Ẹ wá pín in sí iye wákàtí tí ẹ ó lò. Ẹni tó bá pe owó tó kéré jù ń dá ẹ̀rù padà sọ́kàn oníbàárà: yóò bi ara rẹ̀ pé ṣé ẹ̀rọ lẹ fẹ́ jẹ́ kó túmọ̀ rẹ̀ ni? Yorùbá ti wà lórí Google Translate láti 2013, òun náà sì ní in lórí fóònù rẹ̀. Kò ní sanwó fún yín lórí ohun tó lè tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó ń sanwó fún ni àmì ohùn tó pé, àti ẹnì kan tó ka iṣẹ́ náà sókè ketekete fún ìyá tó lóyún ní Ahoyéyé, tó rí i pé ó yé e.

Ẹ̀rù yẹ kó bà yín náà díẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó ìforúkọsílẹ̀ kí òun tó fún yín níṣẹ́, olè ni. Ẹni tó bá fi ṣẹ́ẹ̀kì tó ju owó yín lọ ránṣẹ́, tó ní kí ẹ dá ìyókù padà, olè ni. Ẹni tó ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ 2,000 dánra wò lọ́fẹ̀ẹ́ lè ti pín odindi ìwé kan fún ọmọ mẹ́wàá, kó kó iṣẹ́ wọn jọ, kó sì lọ. Ìpínrọ̀ kan ti tó fún ìdánwò. Bó bá jẹ́ pé tààrà lẹ bá oníbàárà ṣe, láìsí ibi ìpàdé láàárín, ẹ gba ìdajì owó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ bá wá wọlé, ẹ dáhùn lọ́jọ́ náà gan-an pé ó ti tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ ní káàdì MTN àti Moov méjèèjì, torí ọjọ́ tí ọ̀kan bá daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ pinnu lọ́kàn yín pé iná yóò lọ, kí ẹ fi ọjọ́ kan pamọ́ fún un. Bí nǹkan bá fẹ́ pẹ́, ẹ sọ fún oníbàárà ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ má dúró di ìgbà tí wákàtí bá ti kọjá. Ẹ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé kékeré kan tí ẹ fi ṣàlàyé ibi méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ ti ní láti yan ọ̀rọ̀, kí ó lè mọ̀ pé èèyàn ló jókòó tì í.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tó ti sanwó, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó kọ gbólóhùn méjì sílẹ̀: iṣẹ́ tí ẹ ṣe, àti bóyá ó dé lásìkò. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè lo orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá gbà, ẹ gbé gbólóhùn náà sókè pátápátá lójú ìwé yín, kí ẹ tó kọ lẹ́tà sí ẹni kejì.