Wáyà 4mm Kò Lè Gbé Mọ́tò Oníná Yín, Màmá

Ọmọ mi ra mọ́tò Nissan Leaf tó ń lo iná fún mi, pẹ̀lú ṣájà tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri. Wọ́n kọ 32A sí i lára. Láti ìdí mítà NẸ́PÀ dé gáréèjì ẹ̀yìnkùlé wa, ó tó 35 mítà. Oníṣẹ́ iná wa ní wáyà 4mm tó ṣẹ́kù nígbà tí a ń ṣe amúlétutù ti tó, òun á gbé e gba inú àjà. Ẹlòmíì ní àfi 6mm. Ẹnì kẹta ní 10mm, owó tó pè sì ga. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?
Ìyá Ìbejì, Bódìjà, Ìbàdàn

Màmá, ẹ kú oríire mọ́tò. Ẹ ó lò ó pẹ́ o. Ẹni tó ní 10mm ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀. Mo mọ̀ pé owó ló ń jẹ yín lọ́kàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí owó náà máa rà fún yín.

Iná tí mọ́tò ń fà kò jọ ti áyọ́ọ̀nù. Áyọ́ọ̀nù á gbóná, á kú fúnra rẹ̀, á tún tàn. Pọ́ǹpù omi á kún táǹkì, á sinmi. Ṣájà mọ́tò kì í sinmi ní tirẹ̀. Bí bátìrì Leaf tó gba 40 kilowatt-hour bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ó lè máa fa iná fún wákàtí mẹ́fà láìdákẹ́, wáyà kò sì ní ráyè tutù. Wáyà tó ti ń gbé áyọ́ọ̀nù láti ogún ọdún láìṣe nǹkan kan lè bà jẹ́ lóru ọjọ́ kan nídìí mọ́tò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n wo ọ̀nà tí wáyà máa gbà kí wọ́n tó ná an lọ́jà.

Ọ̀nà tiyín jìn. Bí iná bá ṣe ń rìn nínú wáyà ló ń dín kù, bí wáyà bá sì ṣe tín-ínrín tó ni ohun tó ń sọnù ṣe ń pọ̀ tó. Ìlànà BS 7671 ti Bírítéènì, tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà iná wa ń tẹ̀ lé, ní kí ohun tó máa sọnù má ju 5 nínú 100 lọ. Lórí iná 230 fóòtì, ìyẹn jẹ́ fóòtì 11.5. Mo jókòó ṣe ìṣirò tiyín. Tí ámpíà 32 bá ń rin 35 mítà, wáyà 4mm á jẹ fóòtì 12.3. Ó ti kọjá ààlà. Wáyà 6mm á jẹ 8.2, 10mm á jẹ 4.9 péré. Ká ní 230 ni iná ń wọlé nígbà gbogbo, 6mm ì bá tó lórí ọ̀rọ̀ jíjìn. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà la wà. Lálẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá tan amúlétutù, iná lè wọlé ní 190. Bí wáyà bá tún jẹ mẹ́jọ nínú ìyẹn, ṣájà lè kọ̀ ọ́, kó pa ara rẹ̀, kí ẹ jí láàárọ̀ kí mọ́tò má kún.

Ọ̀rọ̀ àjà ló bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín. Ṣé ẹ ti gun àjà ilé onípáànù rí lọ́sàn-án oṣù Ẹrẹ́nà? Èémí kì í fẹ́ jáde níbẹ̀. Ooru 30°C ni wọ́n fi ń ṣírò agbára wáyà nínú ìwé. Nínú ooru yẹn, wáyà 6mm tó wà nínú páìpù lè gbé ámpíà 41. Tí ooru àjà bá dé 50, ó já sí 29 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ 32 ni ṣájà yín. Òótọ́ ni pé Leaf fúnra rẹ̀ kì í sábà fà ju nǹkan bí 29 lọ, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà la fi ń ra wáyà, torí mọ́tò tí ẹ máa rà lẹ́yìn èyí lè fa gbogbo 32.

Ẹ jẹ́ kó gba inú ilẹ̀. Wáyà àmọ́ọ̀dù ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n fi irin wé lára, olójú mẹ́ta, 10mm, bàbà pọ́ńbélé. Kí wọ́n gbẹ́ yàrà tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí wọ́n da iyanrìn sí i nísàlẹ̀ àti lórí, kí wọ́n tẹ́ téèpù ìkìlọ̀ lé e kí wọ́n tó kún un, kí ọkọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀ má baà bá a lójijì.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Èmi náà ti ra wáyà rí lọ́jà, wọ́n kọ 6mm sí i lára, mo fi ṣe híítà omi ilé mi. Kò tó oṣù mẹ́ta tí ìdí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì fi dúdú, tí òórùn rọ́bà jíjóná gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gé wáyà náà, mo fi bíléèdì fá ojú rẹ̀. Pupa bàbà bó kúrò bí ọ̀dà, funfun alumíníọ̀mù ló wà lábẹ́. Àwọn ọmọ mi ló ń wẹ̀ nídìí híítà yẹn láràárọ̀. Torí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n ṣí orí wáyà fún yín. Okùn méje ló sábà máa ń wà nínú ojú kan 10mm, kálukú wọn nípọn tó 1.35mm. Ẹ fá ọ̀kan. Bí funfun bá yọ, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Nídìí mítà, kí ṣájà ní bíréékà 40 tirẹ̀, àti èyí tó ń já tí iná bá ń jò, 30 milliamp, Type A, bí ṣájà náà bá ní ohun tó ń mú 6 milliamp DC nínú. Bí kò bá ní in, Type B ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò pọn dandan, torí lọ́jọ́ òjò, ọwọ́ tútù lẹ ó fi máa di wáyà ṣájà mú. Kí wọ́n ri irin ẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ dáadáa, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí NEMSA, àjọ ìjọba tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò, lọ́wọ́ ẹni tó máa ṣe é. Tí mítà yín bá jẹ́ ti ámpíà 60, ẹ ní kó dín ṣájà kù sí 16 lálẹ́ tí amúlétutù àti híítà bá ń ṣiṣẹ́. Kó má sì so ó mọ́ ibi tí inverter ń gbé.

Wáyà 4mm yẹn kò ṣòfò, ẹ fi pamọ́ fún ṣọ́kẹ́ẹ̀tì kíṣìnnì.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fi mọ́tò síná, ẹ dúró tó wákàtí kan, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìta bíréékà náà. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ jòjòló, kò sí nǹkan kan. Bó bá jó yín lọ́wọ́, ẹ pa á, kí oníṣẹ́ iná padà wá mú ìdè rẹ̀ le. Ẹ má tàn án títí tó fi máa dé.