Ohun Tí Ojú Kò Rí Nínú Omi Ọ̀sà



Nínú ẹ̀kọ́ ìmọ́ra tí a ń kọ́ ní ilé-kéú, ohun mẹ́ta ni a fi ń yẹ omi wò: àwọ̀, adùn àti òórùn. Bí ẹ̀gbin tó bọ́ sínú omi púpọ̀ kò bá yí ọ̀kankan padà nínú wọn, omi náà tọ́ fún ààlúwàlá. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ ìjọsìn nìyẹn. Kò sọ pé omi náà kò lè fa àìsàn. Níbẹ̀ ni àwọn kan ní Jànkárà ti ń ṣì í mú, tí wọ́n ní omi ọ̀sà ń ṣàn, iyọ̀ òkun sì wà nínú rẹ̀, kò lè ṣe nǹkan kan.

Kí ló ń wọ inú ọ̀sà náà? Gọ́tà Ìsàlẹ̀ Èkó ń já sí i. Ní Ìddó, lódìkejì Afárá Carter, ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ agbégbọ̀nsẹ̀ fi da ẹrù wọn síbẹ̀. Inú ìgbẹ́ ẹni tó ní àrùn ni fáírọ́ọ̀sì rọpárọsẹ̀ àti ti mẹ́dọ̀wú A máa ń wà. Iyọ̀ òkun a sì máa tètè pa báktéríà inú ìgbẹ́ ju fáírọ́ọ̀sì lọ, tó fi jẹ́ pé àyẹ̀wò tó ń wá báktéríà nìkan lè ní omi dára nígbà tí kò dára.

Báwo ni a ṣe ń rí fáírọ́ọ̀sì? Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 30 nínú rẹ̀ ni ti rọpárọsẹ̀ fẹ̀ mọ. Maikirosíkóòpù ilé-ẹ̀kọ́ kò lè fi í hàn. Nítorí pé ó fọ́n ká, a ní láti kọ́kọ́ kó o jọ: a óò da ọ̀pọ̀ lítà omi òkun gba inú asẹ́ tí fáírọ́ọ̀sì ń lẹ̀ mọ́, a óò sì fi omi díẹ̀ ṣàn án kúrò lára asẹ́ náà.

Ti rọpárọsẹ̀ ni wọ́n ṣe jù ní ilẹ̀ wa. Kano ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 2011, lẹ́yìn náà ó dé Èkó. Inú gọ́tà ni wọ́n ti ń bu omi, kí ó tó dé ọ̀sà. Lítà kan ni, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù tí gbogbo ilé ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ilé àyẹ̀wò kan ní Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó ń yẹ irú rẹ̀ wò. Wọ́n á fi í sínú ìgò tí sẹ́ẹ̀lì alààyè wà, torí fáírọ́ọ̀sì kì í bí sí i níta ohun alààyè. Sẹ́ẹ̀lì eku ni ọ̀kan nínú wọn, èyí tí wọ́n fún ní ilẹ̀kùn tí rọpárọsẹ̀ ń gbà wọ ara ènìyàn. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí kú, àmì ńlá nìyẹn.

Kí ló dé tí a kò kúkú dúró de ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ? Nínú nǹkan bí 200 ènìyàn tí ó bá wọ̀ lára, ẹnì kan péré ló ń rọ. Àwọn yòókù ń yà á mọ́ ìgbẹ́ láìmọ̀.

Ti ààlúwàlá ńkọ́? Ẹnu ni fáírọ́ọ̀sì wọ̀nyí ń gbà wọlé. Lójú ọ̀nà Imáámù Málíkì, súnnà ni fífi omi yọ ẹnu àti fífà á símú, wọn kì í ṣe ọ̀ranyàn. Ẹni tí kò bá rí omi mìíràn ju ti ọ̀sà lọ, lérò tèmi, kí ó fọ àwọn ibi tó jẹ́ ọ̀ranyàn, kí ó má fi í sẹ́nu.