Ẹ̀kọ́ Wa: Pípààrọ̀ Gíláàsì Iwájú Ọkọ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí òkúta bá ta lu gíláàsì iwájú ọkọ̀ tí ó sì sán, ẹlòmíràn á sáré yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, á sì ra èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ. Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọjà náà wò kí á tó sanwó.

Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹyọ kan tí a fi iná mú le. Bí ó bá fọ́, á di hóró wẹ́wẹ́. Ti iwájú yàtọ̀. Méjì ni a lẹ̀ pọ̀, tí ike tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà láàrin wọn. Bí nǹkan bá lù ú, ike yẹn ni yóò di àfọ́kù mú tí kò fi ní tú sí awakọ̀ lójú.

Báwo ni a ó ṣe mọ ojúlówó? Ẹ wo àmì tí a tẹ̀ sí igun rẹ̀. LAMINATED tàbí AS1 dára. Bí ó bá jẹ́ TEMPERED, ẹ má gbà á, ìbáà ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ wo etí gíláàsì náà pẹ̀lú, ẹ ó rí ojú ìlẹ̀pọ̀ méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ fi ọwọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ yẹ etí rẹ̀ yí ká, nítorí ibi tó bá ti ṣẹ́ ni yóò ti tún sán.

Ọkọ̀ àtijọ́ bíi Peugeot 504 ń lo rọ́bà. Bí rọ́bà bá ti gan, ẹ ra tuntun. Gọ́ọ̀mù dúdú tí à ń pè ní urethane ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní ń lò. Silicone kì í ṣe arọ́pò rẹ̀. Kí oníṣẹ́ ha ìpẹtà kúrò lára irin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìpẹtà ni gọ́ọ̀mù yóò dì mú.

Ibi tí ìkánjú ti ń pani nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, báàgì afẹ́fẹ́ iwájú ẹni tó jókòó ti awakọ̀ a máa fẹ̀yìn ti gíláàsì yìí bí ó bá wú nígbà ìjàǹbá. Bí gọ́ọ̀mù kò bá tíì le, gíláàsì lè fò jáde. Ẹ ka àkókò tí a kọ sára ike gọ́ọ̀mù kí ẹ tó wa ọkọ̀. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un le. Nítorí náà ó máa ń pẹ́ sí i nígbà ọyẹ́.

Ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀, ẹ má sì gbá ilẹ̀kùn pàà. Ní ọjọ́ kejì, ẹ rọra da omi sí i, kí ẹnì kan wà nínú ọkọ̀ kí ó máa wò bóyá ó ń jò. Rìsíìtì tó kọ irú gíláàsì àti gọ́ọ̀mù sílẹ̀ ni kí ẹ mú wá fún akọ̀wé, kí ó fi sínú fáìlì ẹ̀yáwó yín.