Ta Ni Ó Wà Nínú Ọkọ̀ Pẹ̀lú Wọn?

Bíbélì kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 37:12-36, Lúùkù 2:41-52

Ẹ̀kọ́ wa ní ìgbà yìí dá lórí àwọn ọmọ wa nígbà tí wọ́n bá bá ẹgbẹ́ rin ìrìn-àjò, pàápàá àwọn tó wà nínú bándì, ìbáà ṣe ti ilé-ìwé, ìbáà ṣe ti Boys' Brigade tàbí Girls' Brigade. Kò sí ìyá tí inú rẹ̀ kì í dùn láti rí ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ ẹgbẹ́, tó ń gbé ẹsẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn tó kù ní ọjọ́ ìkórè tàbí ní ọjọ́ àwọn ọmọdé, 27 oṣù Karùn-ún. A máa ń lọ aṣọ náà, a máa ń san owó ọkọ̀, a sì máa ń di oúnjẹ fún wọn. Odògbolù kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde, kò sì pẹ́ tí ọkọ̀ yóò fi bọ́ sí ọ̀nà Ṣàgámù. Ohun tí a kì í sábà bèèrè ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti ṣí, nígbà tí àwọn àgbà bá jókòó síwájú, tí àwọn ọmọ sì wà lẹ́yìn.

Ìtàn tí a ó yẹ̀ wò ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, láàrin àwọn ènìyàn dúdú bí tiwa. Florida A&M University wà ní ìlú Tallahassee, wọ́n sì dá a sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú ní ọdún 1887. Bándì rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Marching 100. William Foster ló gba àkóso rẹ̀ ní 1946, ó sì sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, débi pé wọ́n pè wọ́n lọ sí Paris ní 1989 nígbà tí ilẹ̀ Faransé ń ṣe ayẹyẹ igba ọdún ìyípadà ìjọba wọn.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá, ọdún 2011, bándì yìí wà ní ìlú Orlando fún ìdíje bọ́ọ̀lù ọdọọdún láàrin ilé-ìwé wọn àti Bethune-Cookman. (Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ pé ilé-ìwé kejì yìí ní í ṣe pẹ̀lú ìjọ Methodist, àti pé obìnrin kan, Mary McLeod Bethune, ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1904, pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin márùn-ún péré. Ó yẹ kí a kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìyá yẹn lọ́jọ́ mìíràn.) Lára àwọn tó ń ṣáájú bándì náà ni Robert Champion, ọmọ ọdún 26, ará Decatur ní ìpínlẹ̀ Georgia. Láti ilé-ìwé girama ló ti jẹ́ drọ́ọ̀mù-méjọ̀, ẹni tó máa ń wà níwájú tó ń darí àwọn tó kù. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jẹ́rìí pé kò fara mọ́ àṣà fífi ìyà jẹ ara ẹni tó wà nínú bándì náà.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn ìdíje, ó wọ bọ́ọ̀sì kan níbi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí ní hòtẹ́ẹ̀lì wọn. Bọ́ọ̀sì C ni wọ́n ń pè é, ó sì ní òfin tirẹ̀, àní ó ní ààrẹ tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn tó kù kà á sí ẹni tiwọn, ó ní láti gba àárín àwọn ìjókòó kọjá nínú òkùnkùn, láti iwájú dé ẹ̀yìn, bí wọ́n ti ń fi ẹ̀ṣẹ́ àti ọ̀pá ìlù lù ú lọ́tùn-ún lósì. Àwọn méjì mìíràn ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan náà, wọ́n sì jáde láàyè. Robert náà dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó ní òun kò ríran mọ́, ó sì ṣubú. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a. Àwọn dókítà tó yẹ òkú rẹ̀ wò sọ pé lílù náà ló mú kí ẹ̀jẹ̀ dà sínú ara rẹ̀ títí tó fi kú.

Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ má ṣe rò pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí ni. Ní 1998 àti ní 2001, ọmọ bándì yìí kan náà ti dé ilé ìwòsàn nítorí lílù tó ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ikú Robert, wọ́n lu ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ bándì títí egungun itan rẹ̀ fi sán. Olórí bándì pàápàá ti dá ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n dúró ní sáà yẹn nítorí irú ìwà bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì tún kó gbogbo wọn wọ ọkọ̀, wọ́n lọ.

Lẹ́yìn ikú yìí ni wọ́n tó yẹ ìwé wò, wọ́n sì rí i pé àwọn tó lé ní 100 nínú bándì náà kò forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ìwé rárá. Bándì dákẹ́ fún bí ọdún méjì. Olórí bándì fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀gá àgbà yunifásítì náà kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 2012. Ilé-ìwé san 1.1 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn òbí Robert ní 2015, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Mílíọ̀nù mélòó ni ìyá kan yóò gbà pààrọ̀ ọmọ rẹ̀? Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n pè lẹ́jọ́, ẹni tó jẹ́ ààrẹ bọ́ọ̀sì sì gba ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà ó lé oṣù márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí a ro ti àwọn ìyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wọ̀nyẹn náà. Àwọn náà ti fi owó ọkọ̀ lé ọmọ lọ́wọ́, wọ́n sì ti sọ fún un pé kó lọ ire kó bọ̀ ire. Nígbà tí a bá gbọ́ irú ìròyìn yìí, ẹni tí wọ́n lù nìkan ni a máa ń fi ọmọ wa wé.

Ẹ wá ṣí Bíbélì yín sí Gẹ́nẹ́sísì 37. Bàbá ló rán Jósẹ́fù lọ, pẹ̀lú aṣọ tó dára lọ́rùn rẹ̀. Àwọn tó bá ní Dótánì kì í ṣe ọlọ́ṣà, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ilé sì jìnnà. Ẹni tí mo fẹ́ kí a dúró tì ni Rúbẹ́nì, nítorí òun ni ó jọ ọ̀pọ̀ nínú wa. Rúbẹ́nì kò fẹ́ kí ọmọ náà kú. Òun sì ni àkọ́bí, ẹni tó yẹ kí wọ́n gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ó kọ̀ fún wọn láti pa á, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ó dá a lábàá pé kí wọ́n jù ú sínú kòtò, ó sì ń rò ó lọ́kàn pé òun yóò padà wá yọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Nígbà tó máa fi padà dé, kòtò ti ṣófo. Ó fa aṣọ rẹ̀ ya. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀wù ẹlẹ́jẹ̀ lọ fún Jákọ́bù, a kò kà á níbẹ̀ pé Rúbẹ́nì la ẹnu sọ òtítọ́ fún bàbá rẹ̀.

Àwa Ìjẹ̀bú àti gbogbo Yorùbá máa ń sọ pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Robert kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kò fẹ́ràn ìwà náà, síbẹ̀ ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì yẹn, nítorí pé ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ ka òun sí. Ẹ̀kọ́ ilé nìkan kò lè dá ọmọ dúró nínú òkùnkùn láàrin ogún tàbí ọgbọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí kò bá sí àgbà kankan nítòsí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò sọ pé ìyà díẹ̀ ni í sọ ọmọ di ènìyàn. A lọ sí ilé-ìwé tí a ti ń gbé inú ọgbà, àwọn síníọ̀ mú wa kúnlẹ̀, a pọn omi wọn, a fọ aṣọ wọn, wọ́n gbá wa létí, a kò sì kú. Ohun tí àwọn ará bọ́ọ̀sì C náà ń sọ nìyẹn. Àwọn méjì tó ṣáájú Robert jáde láàyè, ẹni kẹta kú. Pé àwa yè é kì í ṣe ẹ̀rí pé ó dára.

Àwọn mìíràn yóò ní kí a kúkú fòpin sí ìrìn-àjò, kí bándì máa fun fèrè nínú ọgbà ìjọ. N kò rò bẹ́ẹ̀. Fèrè kò dẹ́ṣẹ̀. Bándì Florida náà padà sí ojú pápá ní 2013 lábẹ́ òfin tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ wo Màríà àti Jósẹ́fù nínú Lúùkù 2: ọdọọdún ni wọ́n ń lọ sí Jerúsálẹ́mù pẹ̀lú ẹgbẹ́ èrò, wọ́n sì rò pé ọmọ wà láàrin àwọn ará àti ojúlùmọ̀. Ìrìn ọjọ́ kan kọjá kí wọ́n tó mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n bèèrè lọ́wọ́ èrò, wọ́n padà sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n sì rí i, ìyá rẹ̀ kò fi ojú pa á rẹ́. Ó bi í léèrè lójúkojú.

Nítorí náà, kí ọkọ̀ tó ṣí, kí ìyá bèèrè: àgbà mélòó ló ń bá wọn lọ? Ṣé ọ̀kan yóò jókòó lẹ́yìn, kí gbogbo wọn má kó ara wọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀? Bí àwọn ọmọbìnrin bá wà níbẹ̀, obìnrin wo ló wà pẹ̀lú wọn? Bí wọn yóò bá sùn síbẹ̀, ta ni ó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá? Nígbà tí ọmọ bá padà dé, kí a má ṣe bi í nìkan bóyá bándì wọn ló gba ipò kìn-ín-ní. Ẹ bi í pé ibo ló jókòó, kí ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ṣe, kí ni òun fúnra rẹ̀ sì ṣe sí àwọn kékeré. Ẹ wo ẹ̀yìn àti apá rẹ̀ bó bá ṣì kéré. Bó bá sọ ohun búburú fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kó fara dà á, ẹ má sì mú un lọ bẹ síníọ̀ tó lù ú. Ọ̀dọ̀ olórí ẹgbẹ́ àti àlùfáà ìjọ ni kí ẹ gbà lọ, kí ẹ sì mú ìyá mìíràn dání.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: Bí Rúbẹ́nì bá ti sọ̀rọ̀ jáde gbangba ní Dótánì, kí ni ó lè pàdánù lọ́wọ́ àwọn àbúrò rẹ̀? Nínú ìjọ wa, ọmọ tó bá fẹ́ ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ọ̀dọ̀ ta ni yóò lọ tí wọn kò ní pè é ní ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́? Ta ni yóò bá àwọn ọmọ wa lọ nígbà tí wọ́n bá tún ń rìn, àwọn méjì wo nínú wa ni yóò sì jókòó lẹ́yìn?